Ẹ̀yin onídìrí, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀gá mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá kan wá di ṣùkú. Wọ́n ní kí n má fà á le, pé iwájú orí àwọn ti ń pá. Òótọ́ ni: ẹ̀bá etí wọn ti ń dán, rorẹ́ wẹ́wẹ́ sì ti yọ sí ìdí irun. Mo rọra ń dì í lọ kí ọ̀gá mi tó dé. Wọ́n ní irun tó bá dẹ̀ kì í pẹ́ tú, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni yóò bàjẹ́, kí n tú u, kí n tún un dì kó le. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sójú ìyá yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi sanwó.

Ó ṣì ń dùn mí. Irun tí wọ́n bá ń fà le lemọ́lemọ́ lè pá débi tí kò ní hù mọ́. Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn burúkú o, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló ni orí ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi? Ṣé kí n sọ ọ́ lójú oníbàárà ni, àbí kí n dúró dìgbà tí a bá fẹ́ tilẹ̀kùn?