zram mi ń lo lzo-rle: lz4 ni kí n gbé e lọ ni, àbí zstd?

Àkàndé_Ò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. RAM láptọ́ọ̀pù Linux mi ò ju 4GB lọ, zram (apá RAM tí Linux ń fún dátà pọ̀ sí kó má baà gba àyè púpọ̀) ni mo sì fi ṣe swap (ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí tí RAM bá ń kún). Tí mo bá wo /sys/block/zram0/comp_algorithm, lzo-rle ló wà nínú àkámọ́, ìyẹn ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ń lò báyìí; lz4 àti zstd jẹ́ ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn. Mo wá fi lz4 àti zstd fún fáìlì log (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe) ńlá kan pọ̀. Lz4 sáré bí àṣá, ṣùgbọ́n ti zstd ló kéré jù. Tí mo bá ṣí Firefox àti LibreOffice pọ̀, ẹ̀rọ yìí ò lè mí. Èwo ni kí n mú?

Ìyá_Kernel:
O káre, ṣùgbọ́n log ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún ara rẹ̀ sọ níbẹ̀. Ohun tí Firefox kó sínú RAM ò rí bẹ́ẹ̀. Báìtì 4096 péré ni zram sì ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe odindi fáìlì. Àǹfààní zstd á dín kù níbẹ̀, kò kàn ní tán ni.

Ṣe iṣẹ́ rẹ bó o ṣe máa ń ṣe é, kí nǹkan wọ swap dáadáa, kó o wá ka fáìlì mm_stat tó wà nínú /sys/block/zram0. Nọ́ńbà kìíní ni iye tó wọlé, ìkejì ni iye tó kù lẹ́yìn fífún, ìkẹta ni RAM tí zram gbà ní ti gidi. Ìkejì ni àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń yọ̀. Ìkẹta ni kó o fi pín kìíní, kó o lè mọ bó ṣe fún un pọ̀ tó ní ti gidi.

Títú ohun tá a ti fún pọ̀ náà ńkọ́? Tó o bá padà sórí táàbù tó ti pẹ́, ìwọ lò ń dúró dè é. Ibẹ̀ ni lz4 ti ń na zstd, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yann Collet kan náà ló ṣe méjèèjì. Síbẹ̀, lórí 4GB, zstd ni màá kọ́kọ́ dán wò. Tí RAM bá tán pátápátá, ńṣe ni kernel, ìyẹn ọkàn Linux, á máa pa ètò.

Àkàndé_Ò:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo kọ zstd sínú comp_algorithm, ó ní "Device or resource busy".

Sùúrù_Root:
Kò ní gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Swapoff ẹ̀ ná (ìyẹn ni pé kó o pa swap náà), kọ 1 sínú reset kó lè ṣófo, kọ zstd sínú comp_algorithm, kọ bó ṣe máa tóbi tó sínú disksize, kó o tó ṣe mkswap àti swapon láti tún swap náà ṣe, kó o sì tàn án. Pa Firefox kó o tó swapoff o! Gbogbo ohun tó wà nínú zram ló ń padà bọ̀ sínú RAM.

Ìyá_Kernel:
Kó o tó reset, da mm_stat ti lzo-rle kọ síbì kan. Táàbù kan náà ni kó o ṣí nígbà méjèèjì.