Zanzibar: kí ló wà níbẹ̀ fún ìyá ẹni 70 ọdún tí kì í tẹ ẹsẹ̀ bọ omi?

Ọmọ Ìmọ̀, Iléṣà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Màmá wa máa pé 70 ọdún lóṣù Kẹsàn-án. Àwa ọmọ dáwó jọ láti mú wọn rìn jáde, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà sì ní Zanzibar, àwọn erékùṣù Tanzania, ni ká lọ, torí pé ó rí fọ́tò. Èmi ni mo máa tẹ̀ lé wọn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Màmá kì í wọ omi rárá. Orúnkún tún ń dùn wọ́n: nígbà tá a lọ sí Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ìbejì ni wọ́n. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ta èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Atákúnmọ́sà. Ọkọ mi ní òkun kan kò yàtọ̀ sí òkun kejì, pé ká gbé wọn lọ Badagry, ká sì padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí yanrìn funfun, kí ni Màmá fẹ́ lọ wò?

Baba Ìbídùn

Ọkọ yín gbọ́n. Ẹ fowó yẹn gbẹ́ kànga.

Ìyá Elélòó, Ilé-Ifẹ̀

Baba Ìbídùn, a kí yín o. Kànga ò sá lọ.

Àbúrò mi, èmi náà ń ta èlò ọbẹ̀, ní Odò-Ògbe níbí. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa lọ sí Zanzibar, kò sì sí ẹni tó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú wa. Ọjọ́ márùn-ún la lò. Bóyá la fi wákàtí méjì jókòó ti òkun.

Kànáfùrù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Láti kékeré ni mo ti ń fi agolo tòmátì wọ̀n ọ́n tà, mi ò mọ̀ pé òdòdó ni. Òdòdó tí kò tíì là! Wọ́n á gun igi rẹ̀, wọ́n á já a ní ṣùṣù, wọ́n á sá a sórí ẹní títí yóò fi dúdú. Pemba, erékùṣù tó wà lápá àríwá, ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, àmọ́ oko tí wọ́n ń mú àlejò lọ wà ní Unguja, erékùṣù ńlá tí ọkọ̀ òfurufú máa gbé yín sọ̀ sí. Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri ní "karafuu" ni àwọn ń pè é. Mo ní, kí lo wí? Àṣé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti jọ mú orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe àkókò ní "wakati", bíi wákàtí tiwa, wọ́n ń pe sábàbí ní "sababu". Bí wọ́n bá ń kí ẹ, "habari" ni wọ́n máa wí, làbárì tiwa náà nìyẹn.

Ó wá ń ha èèpo igi, ó ń fún ewé, ó ní ká gbóòórùn ká sọ ohun tó jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà: ata ilẹ̀, ewé tíì, sínámọ́nì. Fàńílà nìkan ló borí mi, àṣé ńṣe ló ń fà mọ́ igi bí iyèré. Ẹ fi Màmá síbẹ̀, àwọn ni wọ́n máa di olùkọ́.

Ẹ sì ní ìyá ìbejì ni wọ́n. Ẹdun wà nínú igbó Jozani. Ojúlówó ẹdun, ẹ̀yìn pupa, irun funfun lórí, irú tí kò sí níbòmíràn láyé àfi Zanzibar. Wọn kì í sá féèyàn. Ìyá kan gbé ọmọ mọ́ àyà lórí ẹ̀ka tí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ọ̀kan nínú wa tóun náà bí ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n: "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí..." Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ẹni tó mú wa wọgbó rò pé nǹkan ta á. Àwọn ẹdun yìí máa ń jẹ èédú o, torí ewé máńgòrò àti furúùtù tí wọ́n ń jẹ ní oró díẹ̀, èédú ló ń bá wọn pa á. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, orúnkún Màmá ò ní bínú.

Ti ìjàpá ló máa le. Erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Changuu ni wọ́n wà. Lọ́dún 1919 ni wọ́n kó mẹ́rin àkọ́kọ́ wá láti Seychelles. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọjọ́ orí wọn sẹ́yìn wọn, àwọn kan ti ju ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ sì lè fi ewé bọ́ wọn. Ọkọ Yánníbo gan-an nìyẹn, tóbi bí àpótí aṣọ! Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀, àwa sì fẹsẹ̀ wọ́mi dé orúnkún kí a tó gòkè. Ẹni tó bá wa ṣètò ọkọ̀ tún dá owó míì lé wa nígbà tí a ti wà lójú omi. Ẹ parí ọ̀rọ̀ owó lórí ilẹ̀.

Ní ti Badagry, ẹ sọ fún ọkọ yín pé irú ìtàn ẹrú tó wà ní Badagry wà níbẹ̀ náà. Ibi tí ọjà ẹrú wà ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ní olú ìlú Zanzibar, títí di 1873, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ló wà níbẹ̀ báyìí. Pẹpẹ rẹ̀ dúró síbi tí òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú wà. Àwọn ère wà níta nínú kòtò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Arìnrìnàjò Làgere

Ẹ kú àlàyé, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ máa ń sá fún Paje àti Jambiani lápá ìlà-oòrùn, wọ́n á gba Nungwi tàbí Kendwa lọ, torí pé ní ìlà-oòrùn, òkun máa ń fà sẹ́yìn jìnnà gan-an. Fún Màmá, ibẹ̀ gan-an ló dáa! Bí omi bá ti fà, wọ́n á rìn lórí ilẹ̀ òkun láìrí ìgbì, wọ́n á rí àwọn obìnrin tó ń gbin koríko òkun, tí wọ́n so ó mọ́ okùn bí ẹni ń sá aṣọ.

Oṣù Kẹsàn-án dáa, òjò ńlá wọn láàárín oṣù Kẹta sí Karùn-ún ni. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n ti ń gba dọ́là 44 fún ìbánigbófò lọ́wọ́ àlejò. Ìlú mùsùlùmí ni, torí náà ìró àti bùbá Màmá ti tó, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ṣòkòtò kékeré.

Ọmọ Ìmọ̀, Iléṣà

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ẹdun, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní àwọn máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ìjàpá, bí mo bá lè di àwọn mú. Ọkọ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ìyá Elélòó, Màmá ní kí n bi yín: ṣé èèyàn lè gbé kànáfùrù bọ̀, èló sì ni?

Ìyá Elélòó, Ilé-Ifẹ̀

Ha! Ọlọ́jà ni ìyá yín lóòótọ́. Ẹ má rà á lóko, owó àlejò ni wọ́n ń pè níbẹ̀. Ọjà Darajani ni kẹ́ ẹ lọ, kí Màmá fẹnu ara wọn ná an. Kílò mẹ́rin ni mo gbé bọ̀. Iye tí mo tà á ní Odò-Ògbe, ìyẹn ò ṣeé sọ níta gbangba.