Ìdá 28.4 nínú 100: àwọn wo ni SBA ń kà sí okòwò kékeré?

Alágbàálẹ̀, Baltimore: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbígbá ọ́fíìsì àti nínu fèrèsé ni iléeṣẹ́ mi ń ṣe, a sì ti forúkọ sílẹ̀ lórí SAM.gov láti máa wá kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. SBA, àjọ tó ń mójú tó okòwò kéékèèké, ròyìn pé ní ọdún ìṣúná 2023, bílíọ̀nù 178.6 dọ́là ló bọ́ sọ́wọ́ irú wa, ìyẹn ìdá 28.4 nínú 100 owó kọ́ńtíráàtì, bẹ́ẹ̀ ìdá 23 ni òfin béèrè. Kí ló dé tí gbogbo àwa tí a jọ ń wá iṣẹ́ kò rí nǹkan kan gbà? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Agbaṣẹ́ṣe Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Owó ni ìròyìn náà ń kà. Kò ka orí àwọn tó gbà á. Ìwọ̀nba iléeṣẹ́ lè pín owó tó yẹ kó kárí ọ̀pọ̀, kí ìdá náà má sì yẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní kékeré. Nínú iṣẹ́ tiyín, tí nọ́ńbà tí ìjọba fi ń to irú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 561720, iléeṣẹ́ tí ìpíndọ́gba owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 22 dọ́là lọ, kékeré ṣì ni lójú òfin. Ní ti àwọn tó ń ṣe bàálù, òṣìṣẹ́ 1,500 ni òpin. Ẹ ò wá rí ẹni tí ẹ ń bá du iṣẹ́!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ tún wo ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ìdá náà. Kì í ṣe àpapọ̀ ìnáwó ìjọba: ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ UNICOR, iléeṣẹ́ tó ń lo àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kò sí níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó jẹ́ kékeré lọ́jọ́ tó díje fún kọ́ńtíráàtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì nìyí, wọ́n lè máa kà á sí kékeré títí di ọdún karùn-ún, ì báà ti sanra bí erin. Iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá ńkọ́? Kò wọ inú ìdá 23 yẹn. Ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Abíọ́dún, Atlanta: Ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu kan tàwa obìnrin. Láti 1994 ni òfin ti ní kí ìdá 5 máa kan iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin, àmọ́ títí dé ọdún ìṣúná 2023, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọwọ́ ìjọba tẹ ìdá náà, ní 2015 àti 2019. Síbẹ̀, máàkì A ni wọ́n fún ara wọn lọ́dún 2023. Tí ẹ bá jẹ́ obìnrin, tí ẹ sì tún wà lára àwọn tí ìjọba gbà pé ìdíwọ́ wà fún láwùjọ, dọ́là kan náà ni wọ́n máa kà sínú ìdá ti obìnrin àti sínú ìdá tiwọn, nítorí náà ẹ má ro àwọn ìdá yẹn pọ̀ mọ́ra. Ní báyìí, ẹ ṣí USAspending.gov, ìkànnì tí ìjọba ń kọ ìnáwó rẹ̀ sí, ẹ fi 561720 àti orúkọ ìlú yín wá a, kí ẹ wo ọjọ́ tí kọ́ńtíráàtì kọ̀ọ̀kan máa parí, kí ẹ sì kọ̀wé sí OSDBU, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ okòwò kéékèèké nínú àjọ tó ni iṣẹ́ náà, kí ọjọ́ tó pé.