Ṣíngọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ ojú títì, kí lẹ fi ń yọ ọ́?

Agbálẹ̀-títì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédé ìwòyí o. Iṣẹ́ gbígbá títì ni mò ń ṣe, kò sì sí ìdọ̀tí tó ń dá mi lágara tó ṣíngọ́ọ̀mù. Ọ̀rá o, ike o, bébà o, gbogbo ẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ń kó, àmọ́ tí wọ́n bá ti tu ṣíngọ́ọ̀mù sílẹ̀ tí èrò sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di àmì dúdú nìyẹn, òjò á rọ̀ rọ̀ rọ̀ kò ní kúò. Mo ti fi ọ̀bẹ ha á, mo ti da omi gbígbóná sí i, ẹ̀yìn ríro nìkan ni mo ń rí níbẹ̀. Kí lẹ ń lò?

Àbúrò Wọn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò ò lè fọ̀ ọ́ torí rọ́bà ni. Láyé àtijọ́ oje igi sapodilla ni wọ́n fi ń ṣe é, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lónìí, rọ́bà tí wọ́n ṣe látara epo rọ̀bì ló wà nínú ẹ̀, irú bíi polyisobutylene, téèyàn bá jẹ ẹ́ ṣúgà á yọ́ tán rọ́bà á sì kù, kì í jẹrà bí èèpo èso. Omi gbígbóná yẹn kàn ń mú un rọ̀ ni, á tún fẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ọ́, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Tí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ di yìnyín sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ gbé e lé e lórí títí á fi le gbagidi, kẹ́ ẹ wá ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ ẹ̀. Èyí tí kò tíì pẹ́ á ṣí, èyí tó ti pẹ́ á yọ yín lẹ́nu.

Òfin Ló Kù:
Kí ìjọba fòfin dè é ni o! Ní 1992 ni Singapore ti ní kẹ́nikẹ́ni má kó o wọlé má sì tà á mọ́, torí àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin, ilẹ̀kùn ò sì ní lè pa dé. Ìgbà tó di 2004 ni wọ́n tó gba èyí tó wà fún ìtọ́jú eyín láyè.

Ìyá Ìbejì:
Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, ẹ má bínú. Ẹni tó ń jèrè ẹ̀ ni kó sanwó ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2021, Mars Wrigley àti Perfetti Van Melle, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíngọ́ọ̀mù, ṣèlérí owó tó lè tó mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn fún ọdún 5, káwọn káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, lè fi fọ títì kí wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri. Àwa tá à ń jẹ ẹ́ náà, bébà tí wọ́n fi wé e ká tọ́jú ẹ̀ sápò, tá a bá jẹ ẹ́ tán ká fi wé e padà.

Agbálẹ̀-títì:
Ẹ ṣé gan-an o. Àárọ̀ ọ̀la ni màá gbìyànjú yìnyín yẹn níbi tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀, ibẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Màá sì bẹ ọ̀gá wa kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bébà yẹn gàdàgbà sára garawa ìdọ̀tí, torí garawa wà níbẹ̀ o, kò tó ìgbésẹ̀ márùn-ún síbi táwọn àmì dúdú yẹn wà.