"Ìgbì ìjáyà" kọ́: lórí òkúta inú kíndìnrín ọmọdé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ tí a ó fún ìtọ́jú tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta tó bá dì sínú kíndìnrín tàbí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọmọdé láìfi abẹ kàn án. "Shock wave" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìgbì tí wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn ìgbì ṣọ́ọ̀kì. Bàbá wa láti Ọ̀fà túmọ̀ "ṣọ́ọ̀kì" sí ìjáyà, ó ní ká pè é ní "ìgbì ìjáyà". Àbúrò wa kan níbí ní Ìlọrin ní "ìgbì alọ̀-òkúta" ló yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, "ìjáyà" kò ṣeé gbà. Àyà èèyàn ló ń já. Òkúta kò ní àyà tí yóò já. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún àwọn òbí ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, mo sì mọ bí ojú ìyá ṣe máa ń rí tó bá gbọ́ "ṣọ́ọ̀kì". Ó rò pé wọ́n fẹ́ jẹ́ kí iná gbé ọmọ òun ni. Bẹ́ẹ̀, iná kọ́. Ìgbì ni, ẹbí ìró. Ẹ rántí bí àrá ṣe máa ń sán tí páànù òrùlé á máa gbọ̀n láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà ń rán ìgbì wọ ara láti ìta, ó ń kó o jọ sójú kan ṣoṣo tí àwòrán ti fi hàn pé òkúta wà. Nítorí pé ọmọdé kì í lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n sábà máa ń fún un ní oògùn tí yóò fi sùn. Ní Munich, ní Jámánì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi tọ́jú èèyàn ní 1980.

"Alọ̀-òkúta" dùn létí ọmọ Ìlọrin, mo mọ ibi tó ti wá: òkúta Ìdí-Àpẹ tí àwọn àgbà ní wọ́n ti ń lọ irin ló fún ìlú wa lórúkọ. Ṣùgbọ́n lílọ̀ gba kí nǹkan méjì máa ra ara wọn, bí ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ìgbì kì í ra òkúta. Ó ń lù ú léraléra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, títí yóò fi là, tí yóò sì rún. "Rún" gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́. "Fọ́" náà kò burú, àmọ́ ohun tó fọ́ lè ku àpáàdì. Èyí gbọ́dọ̀ rí bí iyanrìn kí ọmọ lè tọ̀ ọ́ jáde. (Iṣan ìtọ̀ ọmọdé rọ̀, ó sì ń fẹ̀, ìyẹn ni èérún rẹ̀ fi ń tètè bọ́ lára wọn ju ti àgbà lọ.)

Mo kọ́kọ́ rò ó pé ká ní "arún-òkúta". Mo wá kọ ọ́ sórí ìwé láìfi àmì sí i, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ilé ìwòsàn: "arun". Gbogbo ẹni tí mo fi hàn, àrùn ni wọ́n kà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ìṣe sílẹ̀ bó ṣe wà: "fífi ìgbì rún òkúta". Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò sí ìyá tí kò ní yé.

Ó ku ti ẹni tó dábàá "òkúta inú iwe". Lóòótọ́, iwe ni Bíbélì pe kíndìnrín nínú Léfítíkù. Àmọ́ nílé ìdáná wa, iwe adìyẹ ni iwe, ẹni tó bá sì ti la iwe adìyẹ rí mọ̀ pé òkúta wẹ́wẹ́ tí adìyẹ ṣà jẹ máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyá á rò pé ọmọ òun jẹ yanrìn ni. Kíndìnrín ni kí a máa kọ.