Ọmọ tó ní ọmú nìkan lòun mọ̀: bí tiwa ṣe gba fídà

Abiyamọ láti Aṣẹ́rò:

Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá ó lè ran ẹnìkan lọ́wọ́.

Ọmú nìkan ni ọmọbìnrin mi mọ̀ látọjọ́ tí mo ti bí i. Wọ́n ti kọ́ wa nígbà tí a ń lọ fún ìtọ́jú oyún pé ọmọ kò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn kan ẹnu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, omi pàápàá. Mo sì di èyí mú ṣinṣin. Àmọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ìsinmi ọdọọdún mi kún un, síbẹ̀ kò tó. Iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Òkè-Ìlẹ̀wó, ní Abẹ́òkúta níbí. Wàrà tèmi náà ni mo fẹ́ kó máa mu, kó ṣáà máa ti inú fídà jáde.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé fídà sí i lẹ́nu, ó fi ahọ́n tì í jáde, ó ń wò mí. Mo tún gbé e sí i, igbe ta, ó wá ń fi orí wá àyà mi kiri. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ọmọ tó ń gbọ́ òórùn ọmú ìyá rẹ̀ nítòsí, kí ló fẹ́ fi rọ́bà ṣe? Bó ṣe ń lo ẹnu àti ahọ́n fún ọmú tún yàtọ̀ sí bí yóò ṣe lò ó fún fídà, iṣẹ́ tuntun ló ń kọ́.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n jẹ́ kí ebi pa á dáadáa, pé ó máa gbà tipátipá. N ò gbà, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yó díẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí inú rẹ̀ ń dùn, ló máa ń fẹ́ fi nǹkan ṣeré lẹ́nu.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ rọ ọ́. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é: ọmọ á wà lórí itan, wọ́n á kó ọwọ́ kan jọ sí i létè, wọ́n á da oúnjẹ sínú ọwọ́ náà, wọ́n á sì dí i nímú kó lè gbé e mì. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọkọ mi nìyẹn, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Màámi, ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì sọ pé ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin gan-an lẹ máa bá mi fi fídà yìí kọ́ ọ.” Inú wọn dùn sí i. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà.

Bí Màámi bá ti gbé e báyìí, èmi á jáde kúrò nílé pátápátá, kò ní gbóhùn mi, kò ní gbóòórùn mi. Wọ́n á ti ki orí fídà bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó má tutù sí i lẹ́nu. Wọ́n á gbé e jókòó sórí itan, orí rẹ̀ á wà lókè dáadáa, wọ́n á wá fi orí fídà náà kàn án létè òkè, wọ́n á dúró. Wọn kì í tì í wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa la ẹnu. Wọ́n á mú fídà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí wàrà má baà dà lé e lọ́fun, bó bá sì fà á díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kó mí. Gbogbo ìgbà náà ni wọ́n á máa ki oríkì rẹ̀. Orí fídà tí ihò rẹ̀ kéré jù lọ ni a rà. Bí a bá dojú fídà dé, ó gbọ́dọ̀ máa kán tó, tó, kò gbọdọ̀ ṣàn.

Kò gbà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo o. Ọjọ́ mìíràn, ẹnu lásán ló máa fi lá a. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Màámi á gbé fídà kúrò nílẹ̀, ó dọjọ́ mìíràn. Ọ̀sán kan, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: “Ìyá ọmọ, ó ti mu fídà gbẹ!”

Bàbá ọmọ láti Ọbáńtokò:

Tiwa yàtọ̀. Ọmọ wa ń gba fídà lọ́wọ́ mi bí ìyàwó mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wàrà náà jáde látinú ọmú, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ fìríìjì, kò ní mu ún. A rò pé ìwà ni. Ìyàwó mi ló tọ́ ọ wò: ó ń rùn bí ọṣẹ! Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú wàrà ọmú tó máa ń tú ọ̀rá inú rẹ̀, ó pọ̀ lára àwọn ìyá kan. Kò bàjẹ́, adùn rẹ̀ ló yí. Ó ní bí a bá ti fún un tán, ká gbé e ka iná díẹ̀ títí ìfófòó wẹ́wẹ́ á fi yọ létí ìkòkò, kó má hó, ká tètè mú un tutù kó tó wọ fìríìjì. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, ọmọ sì ń mu.

Ẹ ṣọ́ra fún ooru Abẹ́òkúta yìí náà. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní kí wàrà tí a fún pẹ́ mọ níta níbi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25°C lọ, yàrá wa sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fìríìjì, ọjọ́ mẹ́rin, bí iná bá wà. Èyí tó kù sínú fídà, tí kò bá mu ún tán láàárín wákàtí méjì, dà á nù, bó tilẹ̀ ń dunni.

Aláàdìrẹ Ìtòkú:

Àbíkẹ́yìn mi kò gba fídà rárá, títí tó fi dàgbà. Ife kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń fún un ní wàrà mi. A máa gbé e jókòó, a fi etí ife kàn án létè, a mú ife náà dagun díẹ̀ kí wàrà dé etí rẹ̀, òun á máa fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀. A kì í dà á sí i lẹ́nu. Ife rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ pẹ̀lú. Ó máa ń mu díẹ̀ lọ́sàn-án, á wá fi gbogbo òru mu ọmú.

Abiyamọ láti Aṣẹ́rò:

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo fẹ́ fi kún un fún ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù: òfin iṣẹ́ yẹn kan náà, ní abala 54, fún abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó fáìlì sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń fún wàrà tó ń mu lọ́jọ́ kejì.