Èsì sí "ìbófinmu": ibo lẹ gbé "ni" sí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé o.

Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní dá sí i. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ti "ìbófinmu" bọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, tí kò sì sẹ́ni tó yanu, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ẹnìkan bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe ohun tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńláńlá ń ṣe nígbà tí ìjọba apàṣẹwàá bá ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tí wọ́n sì pa á rẹ́, tàbí tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹni tó kọ ọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn pé "ìpanumọ́" ni ti ìjọba, "ìbófinmu" ni ti iléeṣẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrú, wọ́n rọrùn lẹ́nu, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Mímọ́ tí wọ́n mọ́ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìpanumọ́, torí ìyẹn yá. Ta ló ń panu mọ́? Ẹni tó ni ẹnu ni. Bí ìyá mi bá ní "panu mọ́ jàre", èmi ni mo máa pa á mọ́ fúnra mi. Ẹni tí wọ́n fọwọ́ dí lẹ́nu kò panu mọ́ o, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ìpanilẹ́numọ́ ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣẹ̀dá níbẹ̀. "Ni" tó jókòó sáàárín rẹ̀ yẹn ni ènìyàn tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ yọ ọ́ tán, ó dà bí ẹni pé ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu náà ló kàn dákẹ́ wọ̀ọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ajínigbé, adánilóró, amúnisìn, afinihàn. Bí Yorùbá bá ti fa orúkọ ìwà ibi yọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sábà máa ń fi ẹni tí wọ́n hu ìwà náà sí sínú ikùn ọ̀rọ̀. (Ẹ má mú olè àti ìkà wá bá mi, mo mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá ni mò ń sọ.) Olùkọ́ wa tó ti dolóògbé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kì í gba gbólóhùn lọ́wọ́ wa tí kò bá tíì bèèrè pé "ta ló ṣe é, ta ni wọ́n ṣe é sí?" Bí o kò bá rí àbọ̀ (ẹni tí wọ́n ṣe é sí) fi hàn án, wàá dúró síbẹ̀ ni títí agogo á fi lù.

Ó wá kan ìbófinmu. Bá òfin mu. Olùwà rẹ̀ jẹ́ ìṣe, àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin; ẹ wá gbogbo inú rẹ̀, ẹ ò ní bá ènìyàn kan níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló kọ́kọ́ ronú báyẹn o. Àwọn oníléeṣẹ́ ló ni ín. Nígbà tí Apple yọ àwọn áàpù VPN (èyí tí àwọn ènìyàn fi ń fo ìdènà ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kúrò lórí àtẹ rẹ̀ ní Ṣáínà ní oṣù keje 2017, ohun tí ọ̀gá wọn, Tim Cook, sọ ni pé kò wu àwọn láti yọ wọ́n, àmọ́ ibi yòówù táwọn bá ti ń ṣòwò, òfin ibẹ̀ làwọn ń tẹ̀lé. Tí a bá wá fi Yorùbá tó dán ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn, a jẹ́ pé à ń bá wọn ṣe agbẹnusọ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ènìyàn kan, ká wò ó bóyá á dúró. Shi Tao jẹ́ oníròyìn ní ìlú Changsha, ní agbègbè Hunan, ní Ṣáínà. Ní oṣù kẹrin 2004, ìkìlọ̀ ìjọba dé ọ́fíìsì wọn lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí àyájọ́ ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìpakúpa Tiananmen (níbi tí àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ti pa àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn) ti ń bọ̀. Ó kọ kókó inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró ṣiṣẹ́ lóun nìkan lálẹ́, ó sì fi ímeèlì Yahoo rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. 198964 ló kọ: ọdún 1989, oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹrin. Nínú ìwé ìdájọ́ rẹ̀, wọ́n to ohun tí Yahoo ti Hong Kong gbé lé wọn lọ́wọ́ síbẹ̀: nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà náà lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n lálẹ́, àti pé okùn tẹlifóònù ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wọn ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n jù ú sí ní 2005. 2013 ló tó jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni Yorùbá ń pe ẹni tó bá fi ẹni tó fọkàn tán an hàn fún àwọn tó ń wá a? Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nílé ìjọsìn kí a tó mọ gírámà. Afinihàn. Fi-ni-hàn. Ẹ tún wo "ni" yẹn!

Ẹ ní Yahoo kò mọ ohun tí ìjọba Ṣáínà fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbẹjọ́rò wọn sọ níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2006. Nígbà tó di 2007, ìwé tí àwọn ọlọ́pàá Ṣáínà kọ sí wọn hàn síta, a sì rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀ràn àṣírí ìjọba ni. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣòfin tún pè wọ́n padà. Jerry Yang, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Yahoo sílẹ̀, yíjú sẹ́yìn, ó sì tẹríba fún ìyá Shi Tao tó jókòó síbẹ̀. Tom Lantos tó ṣe alága ọjọ́ náà, ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa Hitler nígbà èwe rẹ̀, sọ fún wọn pé òmìrán ni wọ́n ní ti ẹ̀rọ àti owó, aràrá ni wọ́n ní ti ìwà. Ẹni tó kàn bófin mu, kí ló ń tẹríba fún ìyá ẹlẹ́wọ̀n sí?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ìbófinmu kò dára, ó wá gbé "ìgbọràn" sílẹ̀. Ká tó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ta ló yọ ohùn òkè orí "gbọ́"? Gbọ́ ni, gbọ́ràn ni, ìgbọ́ràn ni. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi Sámúẹ́lì àti ẹbọ Sọ́ọ̀lù inú Bíbélì dá mi lóhùn, àti pé bàbá yín tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá tèmi náà kàwé. Àmọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ fi àmì sí i dáadáa, ìwà rere ọmọ ni ìgbọ́ràn jẹ́ létí wa. Ẹ óò kàn máa yin Yahoo ni.

Àbúrò kan sì mú òwe wá: bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à di ìkúùkù. Ó ní àlejò kì í bá onílé ṣòfin. Ó dáa. Ṣé ẹ rántí 2021? Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ni ìjọba Buhari kéde pé òun ti dá Twitter dúró. Ìwé àṣẹ NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé síta pé àwọn ti ṣe ohun tí ìjọba wí. Oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ó wá di oṣù keje ọdún náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìdádúró yẹn kò bófin mu! Kí lẹ fẹ́ kọ síwájú ohun tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣe nínú àkójọ yín nígbà náà? Ìbófinmu tí kò bófin mu? Òfin Kẹrin 1984 ti ìjọba ológun ńkọ́, èyí tí Buhari àti Ìdíàgbọn fi sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn oníròyìn The Guardian ti ilẹ̀ wa, sẹ́wọ̀n ọdún kan? Òfin pọ́ńbélé nìyẹn. Ó bófin mu kẹ̀.

Bó bá jẹ́ ti òwe, èmi náà ní tèmi: ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ti Google yàtọ̀ díẹ̀, mo fún wọn nìyẹn. Google.cn, ojú ìwé ìwádìí tí wọ́n ṣí fún Ṣáínà ní 2006, ń yọ ohun tí ìjọba kò fẹ́ kúrò nínú èsì, àmọ́ ó máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé pé nítorí òfin ibẹ̀, àwọn kò fi èsì kan hàn. Ní oṣù kẹta 2010 wọ́n kó kúrò, wọ́n ń darí àwọn ènìyàn sí ojú ìwé ti Hong Kong. (Wọ́n tún gbìyànjú lábẹ́lẹ̀ láti padà, Dragonfly ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, àṣírí tú ní 2018, wọ́n sì pa á tì.) Ẹnìkan dá "ìfọ̀rọ̀pamọ́fúnni" fún irú èyí. "Ni" wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo yìn ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: "ó fi í pamọ́ fún mi" lè jẹ́ pé ó tọ́jú rẹ̀ dè mí, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ kí n rí i. Iléeṣẹ́ wo ni kò ní fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Tèmi nìyí: ìbánipanilẹ́numọ́. Ẹni tó ń ṣe é, abánipanilẹ́numọ́. "A-" ni iléeṣẹ́, "ni" àkọ́kọ́ ni ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́, "ni" kejì ni ará ìlú tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ó gùn. Gbogbo ẹni tó ń pe amóhùnmáwòrán lójoojúmọ́ kò tíì kú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wúwo lára gbogbo ohun tí wọ́n fi ta kò mí ni ti ọmọbìnrin tó mú ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà wá. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án 2021, ọjọ́ tí ìdìbò bẹ̀rẹ̀, Apple àti Google yọ áàpù àwọn ọmọlẹ́yìn Navalny (alátakò ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà), èyí tó ń tọ́ka ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Ìròyìn sì jáde pé ìjọba ti fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó wà ní Rọ́ṣíà. Ó ní "bá" kò bá èyí mu, pé ẹni tí wọ́n fipá mú kò bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan. Òótọ́ ló sọ nípa òṣìṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tí ìjọba wọ̀nyí fi ń fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ ní ọ́fíìsì nínú ìlú? Rọ́ṣíà sọ ọ́ di òfin ní oṣù keje ọdún yẹn. Àwa náà fi í ṣe májẹ̀mú fún Twitter. Wọ́n ń wá ìwọ̀fà ni. Iléeṣẹ́ tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó ṣì fi ọmọ ọlọ́mọ sófà nítorí ọjà, mi ò lè yọ "bá" kúrò lórí orúkọ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá rí mọ́fíìmù (ẹyọ tó kéré jù lọ tó nítumọ̀ nínú ọ̀rọ̀) mìíràn tó lè gba òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ láìgba ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, kó mú un wá, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Lórí ohun tí ẹnìkan sọ pé "wàá" inú apàṣẹwàá kì í ṣe ohùn òkè, n kò ní dáhùn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ ìdí tí n kò fi ní dáhùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí "ìbófinmu" bá ṣì wà nínú àkójọ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ṣe é, pàápàá torí pé ẹ tún ti fi àmì tí kì í ṣe tèmi sórí orúkọ náà.